Ìdérí ìgò mẹ́rin àti ètò ìwádìí àbúrò mi

Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ́ fi oyin wé ìpara egbò, kó mọ èyí tó ń tètè mú egbò jinná. Ó ní kí n bá òun wo ètò náà bóyá ojúsàájú lè wọ inú yíyan aláìsàn.

"Gègé la máa ṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo kọ́kọ́ wo ẹni tó máa gba aláìsàn wọlé. Ṣé ó lè mọ èyí tó kàn? Bó bá mọ̀ pé oyin ló kàn, ó lè ní kí bàbá tí egbò rẹ̀ burú padà wá lọ́la. Kì í ṣe ìwà ìkà. Àánú náà ń fà á. Ní Lanarkshire, ní Scotland, lọ́dún 1930, wọ́n fún ọmọ ilé-ìwé 10,000 ní wàrà, wọ́n sì fi 10,000 mìíràn wé wọn. Wọ́n gba tíṣà láyè láti pààrọ̀ ọmọ bí apá kan bá ní ọmọ tó rù jù tàbí tó jẹun kánú jù. Kí wàrà tó kan ẹnu ẹnikẹ́ni, àwọn tí kò ní mu ún ti wúwo, wọ́n sì ti ga ju àwọn yòókù lọ. William Gosset, onímọ̀ ìṣirò kan, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ní 1931.

Ẹ́ńfílóòpù tí àbúrò mi fi gègé sí nípọn, ó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ó dáa. Àmọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló to gègé: oyin méjì, ìpara méjì. Ta ló sì lè fi oyin pamọ́ fún ẹni tó ń di egbò? Mo ní kó kó ìdérí ìgò wá, Coke méjì, Fanta méjì. Ọ̀nà 6 péré ni wọ́n lè gbà tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó ti rí mẹ́ta ti mọ ìkẹrin. Nínú ọ̀nà 2, méjì àkọ́kọ́ jọra, ìkẹta náà sì ti tú síta. A kà á: nínú àyè 24, 8 ṣeé mọ̀ dájú láìṣí ẹ́ńfílóòpù kankan. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà.

A wá da ìdì gègé mẹ́rin àti ìdì gègé mẹ́fà pọ̀, láìjẹ́ kí ẹni tó ń gba aláìsàn mọ ìdì tó kàn. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá dá padà yóò wọ ìwé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Mo bi í pé ọwọ́ ta ni ìwé gègé máa wà.

"Ọwọ́ mi ni."

"Ta ló máa gba aláìsàn wọlé?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kì í dé wọ́ọ̀dù la gbé ìwé náà fún.