Bẹ́ ẹ ṣe máa tú nọ́ńbà ńlá bíi 720,720 wò láì lo kàkúlétọ̀

Ẹ̀yin òbí àtẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe lẹ́sìn n'Íjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Ìpẹ́rù, gbogbo yín pátá, ẹ mú bíró, ká jọ tú 720,720 wò.

Ká ní owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ régbérégbé kan lẹ́yìn Ojúde Ọba nìyẹn, náírà ni, wọ́n sì fẹ́ pín in. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, bí wọ́n jẹ́ méje, bí wọ́n jẹ́ mọ́kànlá, iye yòówù kí wọ́n jẹ́ títí dé mẹ́rìndínlógún, ó máa pín dọ́gba. Tí wọ́n bá ti di mẹ́tàdínlógún, náírà márùn-ún máa ṣẹ́kù. Kò sí nọ́ńbà tó kéré sí i tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1 dé 16.

Ìdí ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Òdo ló gbẹ̀yìn, 10 pín in nìyẹn, ìyẹn 2 kan àti 5 kan, ó ku 72,072. Ẹ máa dá a sí méjì lọ: 36,036, 18,018, 9,009. 2 ti tán níbẹ̀, ẹ kà á pẹ̀lú èyí tó wà nínú 10, mẹ́rin ló jẹ́. Ẹ ro fígọ̀ inú 9,009 pọ̀, 18 ni, 9 sì pín 18, torí náà 9 pín òun náà, ó ku 1,001.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 1,001 yìí sórí o, torí 7 × 11 × 13 ni. Nọ́ńbà onífígọ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ bá ti kọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, 1,001 pín in, bíi 358,358, 7 pín in, 11 pín in, 13 náà pín in, ẹ dán an wò. 720,720 náà ńkọ́? 720 lẹ́ẹ̀mejì ni! Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ 2⁴ × 3² × 5 × 7 × 11 × 13. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibí, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti mọ iye nọ́ńbà tó pín in, ẹ fi 1 kún iye ìgbà tí prime kọ̀ọ̀kan (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló pín in) wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá táìmsì wọn pọ̀: 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2, ó jẹ́ 240. Kò sí nọ́ńbà tó kéré sí i tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ramanujan, ọmọ Íńdíà, kọ̀wé lórí irú ẹ̀ lọ́dún 1915, highly composite ló pè é.

Ẹ tún lè ro gbogbo nọ́ńbà tó pín in pọ̀, kẹ́ ẹ yọ òun fúnra ẹ̀ kúrò. Tó bá dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀, perfect ni, bíi 6 tó jẹ́ 1+2+3, tó bá kéré, deficient, tó bá jù ú lọ, abundant. Ẹ má ro 240 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan o, 1+2+4+8+16 jẹ́ 31, 1+3+9 jẹ́ 13, tàwọn yòókù, ìyẹn 1+5, 1+7, 1+11 àti 1+13, jẹ́ 6, 8, 12, 14, ẹ táìmsì gbogbo ẹ̀, 3,249,792. Ẹ yọ 720,720, ó ku 2,529,072, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ lọ, abundant gidi ni.

Tẹ́ ẹ bá fi 1 kún un, ó di 720,721, kò sí èyí tó máa pín in dọ́gba láti 2 dé 16, 1 ló máa ń ṣẹ́kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá prime ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 17, prime nìkan ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, tẹ́ ẹ bá dé 839 ẹ dúró, torí prime tó kàn ti ju 849 lọ, 849 × 849 sì ti jẹ́ 720,801, ó ti ju 720,721 lọ.