Ẹ̀yin tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù l'Óṣogbo, ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Ẹ má kọ́kọ́ ra kéèsì, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń to gbogbo ẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé òun ló ń dán lójú, iná oríṣiríṣi nínú ẹ̀, gíláàsì níwájú, ọkàn èèyàn á kàn máa fà sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá bá mi pé kí n bá àwọn to kọ̀ǹpútà géèmù, ìdajì owó wọn ti lọ sórí kéèsì àti processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kí wọ́n tó rántí pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ power supply (èyí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀), èyí tó bá ṣáà ti wà lọ́jà ni wọ́n á wá fi owó tó kù rà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé l'Ókè-Baálẹ̀ lo power supply tó bá kéèsì wá. Wọ́n kọ 600 watt sí i lára, ó sì fúyẹ́ bíi páálí bísíkíìtì. Kò pé oṣù méjì, wọ́n mú iná lọ lálẹ́, ìgbà tí iná máa padà dé, ó dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, a kàn gbọ́ "pàù!", òórùn jíjó gba gbogbo yàrá. Tó bá jẹ́ power supply nìkan ló lọ ni, à bá dúpẹ́, ó mú motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀ ń so mọ́) dání, ó mú graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) náà dání. Owó tí ọmọ yẹn fi ọdún kan gbáko kó jọ nídìí aṣọ rírán nìyẹn o. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo bá a lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà tí mi ò sì sọ̀rọ̀.

Torí ẹ̀, owó power supply ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Kò dìgbà tó bá tóbi rẹpẹtẹ: graphics card RTX 4060 ń jẹ 115 watt, RX 6600 ń jẹ 132, processor Ryzen 5 5600 lè dé bíi 76, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ fáànù àti ìyókù, 550 watt tó dáa ti tó, ó tún ṣẹ́kù. Èyí tó dáa ni mo sọ o. 80 Plus tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, pé kì í fi iná ṣòfò ló ń sọ, kò sọ pé ó máa gbà yín lọ́jọ́ tí iná bá ya wèrè, ẹ bi wọ́n bóyá ó ní over-voltage protection (ààbò lọ́wọ́ agbára iná tó pọ̀ jù). Tó bá wá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí switch pupa kékeré kan tó wà lórí 115, ẹ yí i sí 230 kẹ́ ẹ tó ti plug bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí 230 ni iná tiwa níbí.

UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ, ńkọ́? 650VA tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe 650 watt, ọ̀pọ̀ wọn ò tó 400. Inverter tí kì í ṣe pure sine wave (tí iná ẹ̀ ò lọ geere bíi ti NEPA) náà, àwọn power supply tuntun míì kì í gbà á, tẹ́ ẹ bá wà láàárín géèmù tí iná lọ, kọ̀ǹpútà á kàn kú lójijì. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré I-better-pass-my-neighbour yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tan án láìsí stabilizer.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni "i7 ni o!" Àwọn tó ń tajà á yọ i7-3770 jáde nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, processor ọdún 2012, wọ́n á ní ó ju i5 lọ. Ẹ má gbà. i3-12100 tó jáde lọ́dún 2022 máa fi ẹ̀yìn i7 yẹn gbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ core (ọpọlọ kéékèèké inú processor) mẹ́rin-mẹ́rin làwọn méjèèjì ní. Windows 11 gan-an ò fọwọ́ sí processor àtijọ́ bẹ́ẹ̀, Microsoft sì ti dáwọ́ dúró lórí Windows 10 láti October 14, 2025.

"4GB graphics" náà, ìyẹn memory ara graphics card, ò sọ nǹkan kan fún yín. GT 730 kan wà tó jẹ́ 4GB, GTX 1650 náà jẹ́ 4GB, ìyàtọ̀ àárín wọn dà bíi kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọ̀kadà. Ayédèrú tún wà lọ́jà, káàdì àtijọ́ tí wọ́n ti yí orúkọ inú ẹ̀ padà tó ń pe ara ẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Ẹ gbé GPU-Z (software tó ń sọ irú graphics card tó wà nínú kọ̀ǹpútà) sórí flash, ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín, tó bá jẹ́ ayédèrú, GPU-Z sábà máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ ẹ̀. Ẹni tí ò bá gbà kẹ́ ẹ tan ọjà wò, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé Computer Village n'Íkẹjà la ti ń ra ẹrù, tẹ́ ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ l'Ọ́láìyá kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé Ryzen 5 7600 kì í lo RAM (memory tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) tó jẹ́ DDR4, ẹ tún máa wọ mọ́tò padà nìyẹn. RAM 8GB méjì dáa ju 16GB ẹyọ kan lọ. Kéèsì tí iwájú ẹ̀ jẹ́ gíláàsì dí pa, ooru á pa káàdì sínú ẹ̀, ẹ wá oníhò tó ní asẹ́, kẹ́ ẹ sì máa fẹ́ eruku ẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Tẹ́ ẹ bá tò ó tán, ara graphics card ni kẹ́ ẹ ti wáyà HDMI bọ̀, kì í ṣe ara motherboard. Mo bá ẹnì kan tó ti ń lo tiẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó ń pariwo pé káàdì òun ò dáa, káàdì ọ̀hún ò tíì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan rí.