Gbòǹgbò ni kí ẹ kọ́, ẹ yé há ọ̀rọ̀ sórí

Ẹ̀yin tí ẹ ń há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó le sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, gbòǹgbò wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Inú èdè Látìn àti Gíríìkì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ńláńlá yẹn ti wá, gbòǹgbò kan sì lè bí ogún ọ̀rọ̀. Ẹ wò ó: bene ni "dáadáa", mal ni "burúkú". Ẹ so vol, tí í ṣe "fẹ́", mọ́ wọn: benevolent ni ẹni tó ń fẹ́ ire fún ọmọnìkejì, malevolent ni ẹni tó ń fẹ́ ibi. Ẹ yọ vol kúrò, kí ẹ fi dict, "sọ", sí i: benediction di ìre tí a sú fúnni, malediction di èpè. Gbòǹgbò mẹ́rin péré nìyẹn, dict nìkan ṣì wà nínú predict (sọ tẹ́lẹ̀), contradict (sọ òdì sí) àti verdict (ìdájọ́). Bí ẹni tó mọ gbà àti gbọ́ ṣe ń tú "onígbàgbọ́" palẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Gbòǹgbò márùn-ún lọ́sẹ̀ tó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn tiyín, torí ibẹ̀ gan-an ló ti ń wọni lára. Àmọ́ gbòǹgbò máa ń tanni nígbà mìíràn: ped inú pedestrian (ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn) jẹ́ "ẹsẹ̀" ní Látìn, ti inú pediatrician (dókítà àwọn ọmọdé) sì jẹ́ "ọmọdé" láti Gíríìkì. Nítorí náà, bí ẹ bá ti méfò ìtumọ̀ tán, ẹ yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò kí ẹ tó lò ó.