Bí mo ṣe gba ṣọkọ mi lọ́wọ́ ìgbín tí kò ní karawun

Alẹ́ ni wọ́n ń jáde. Tílẹ̀ bá mọ́, ewé tó ti lu jára àti ipa itọ́ tó ń dán lórí ilẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí.

Ẹnìkan ní kí n ra májèlé oníkóró. Mi ò gbà. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní metaldehyde ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó lè pa ajá, adìyẹ náà ò sì yọ sílẹ̀. Britain ti fòfin de lílò rẹ̀ níta láti 2022. Iyọ̀ ńkọ́? Á pa ìgbín lóòótọ́, àmọ́ á ba ilẹ̀ jẹ́. Eérú ò burú bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n ta ló ń rí eérú gbígbẹ lásìkò òjò?

Pátákó ló yanjú ẹ̀. Mo tẹ́ ọ̀kan sórí ilẹ̀ tútù létí ebè, mo fi èèpo ìbẹ́pẹ sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí kí oòrùn tó yọ. Bí mo bá ṣí i láàárọ̀, wọ́n á ti lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ara wọn á máa yọ̀ bí ilá. Mo ń fi igi ha wọ́n sínú korobá omi ọṣẹ. Ẹ má fọwọ́ lásán mú wọn o: aràn tó lè ṣe ọpọlọ èèyàn ní jàǹbá máa ń wà lára wọn nígbà míì. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì sè é jinná.

Lọ́jọ́ tójò ò bá rọ̀, àárọ̀ ni mo ń bomi rin ín, kórí ilẹ̀ lè gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Ewé díẹ̀ ṣì ń lu, ìyẹn ò dùn mí.