Láptọ́ọ̀pù àtijọ́, external tó ń falẹ̀: bí ẹ ṣe lè fi káàdì ExpressCard mú un yára

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, irú ThinkPad T410 àti T420, Dell Latitude E6410 àti HP EliteBook 8440p, USB 2.0 ni wọ́n ní, ìyẹn irú USB àtijọ́ tó falẹ̀ ju USB 3.0 lọ. Bó ti wù kí external yín, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tí à ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù láti ìta, jẹ́ tuntun tó, bí ẹ bá ti kì í bọ ojú USB yẹn, 30 sí 40 MB ni yóò máa kó ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò 50 GB á gbà tó ìṣẹ́jú 24. Ṣùgbọ́n ihò pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn láptọ́ọ̀pù yìí tó jẹ́ pé ike lásán ló sábà máa ń dí i. Ihò ExpressCard nìyẹn. Káàdì USB 3.0 tí ẹ bá kì bọ ibẹ̀ lè sọ ìṣẹ́jú 24 yẹn di 8.

Ẹ má tíì náwó o. Ẹ yọ ike náà, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Bí ẹ bá rí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó tò ní ìlà méjì, PC Card ni, ìyẹn irú ti àtijọ́. Wọ́n ta E6410 míì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi orúkọ láptọ́ọ̀pù nìkan ra káàdì. PC Card kò lè kọjá 133 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí ìwé pàápàá. Àwọn kan ń ta adapter tí wọ́n ní ó ń sọ ọ́ di ExpressCard, àmọ́ USB 2.0 náà ni irú adapter bẹ́ẹ̀ ń gbé kọjá. Owó tó wọgbó ni. ExpressCard ní tirẹ̀ kò ní abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbú rẹ̀ jẹ́ milimítà 34 tàbí 54. Ti 34 ni kí ẹ rà, torí ó wọ ihò méjèèjì. Nínú ihò 54, á máa mì díẹ̀, kò burú, kí wáyà má ṣáà fà á wálẹ̀ ni.

Bí ihò náà ṣe yára tó wà lọ́wọ́ ọjọ́ orí láptọ́ọ̀pù. Ẹ wo orúkọ processor. Bó bá jẹ́ Core 2 Duo tàbí Core i onínọ́mbà mẹ́ta, irú i5-520M, 250 MB ni òpin rẹ̀ lórí ìwé. Ẹ máa rí bí 180 sí 200. Bó bá jẹ́ onínọ́mbà mẹ́rin tó fi 2 bẹ̀rẹ̀, irú i5-2520M ti ọdún 2011, ìlọ́po méjì ìyẹn ni. Ìyàtọ̀ yìí kò kan ẹni tí external rẹ̀ jẹ́ hard disk tó ń yí, torí òun fúnra rẹ̀ kì í sábà kọjá 120 MB. Ẹni tó ní SSD, irú tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ló kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra káàdì, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè chip tó wà nínú rẹ̀. Renesas µPD720202 àti ASMedia ASM1042 kì í dààmú èèyàn. Windows 8 sókè àti Linux mọ̀ wọ́n fúnra wọn. Windows 7 kò mọ̀ wọ́n, ẹ gbọ́dọ̀ fi driver sí i, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì náà. Ẹ tún rí i dájú pé ihò róbótó kékeré kan wà lára káàdì náà fún iná. Èyí tí kò bá ní in, ẹ dá a padà.

Iná yìí gan-an ló ń mú kí àwọn èèyàn máa bú káàdì tí kò ṣẹ̀. Ihò ExpressCard ń fúnni ní 3.3 volt, nǹkan bí amp 1, ìyẹn watt 3.3 péré. Ojú USB 3.0 kan ní ẹ̀tọ́ sí 5 volt ní 0.9 amp, ìyẹn watt 4.5. Hard disk kékeré lè gba tó amp 1 nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Iná ò ní tó. Ẹ óò gbọ́ kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́ nínú external, iná ara rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, á hàn lójú kọ̀ǹpútà, á tún pòórá. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí fáìlì ń lọ lọ́wọ́, fáìlì náà lè bàjẹ́.

Nítorí ìyẹn ni wáyà kan ṣe sábà máa ń bá káàdì náà wá: orí kan jẹ́ USB, ìkejì róbótó. Ẹ ki ti USB bọ ojú USB 2.0 láptọ́ọ̀pù, kí ẹ ki ti róbótó bọ káàdì, kí ẹ tó so external mọ́ ọn. Bí kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́ kò bá dá, ẹ lo hub USB 3.0 (àpótí kékeré tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tó ní ṣájà tirẹ̀. Ẹ má ṣe ki ṣájà router bọ ihò róbótó yẹn láéláé, ó lè wọ̀ ọ́ dáadáa, àmọ́ 9 tàbí 12 volt ni ọ̀pọ̀ wọn. 5 volt nìkan ni ihò yẹn ń fẹ́. Bí èéfín bá ti jáde, ó parí.

Fífi sí i kò le. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ ti káàdì wọlé títí yóò fi dúró gírí, kí ẹ tàn án. Nínú Device Manager ti Windows, tó ń to àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà, controller tuntun (ẹ̀yà tó ń darí ojú USB) tó ní xHCI, eXtensible tàbí USB 3.0 nínú orúkọ gbọ́dọ̀ yọjú. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ wọ BIOS, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Lórí ThinkPad, ó wà lábẹ́ Security, I/O Port Access, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ExpressCard pa. Bí BIOS bá dára, tí kò sì sí controller tuntun síbẹ̀, a jẹ́ pé USB 2.0 inú ihò náà ni káàdì yín ń lò, ojú tí wọ́n kùn ní búlúù bíi ti USB 3.0 lásán ni wọ́n fi tà á fún yín.

Lórí Linux, ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ `lsusb -t`. 5000M ló yẹ kí ẹ rí níwájú external. Bí ẹ bá rí 480M, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: orí wáyà USB 3.0 tó ń wọ external fẹ̀, ó dà bíi méjì tó lẹ̀ mọ́ra, wáyà fóònù tó jẹ́ micro USB á sì wọ apá kan rẹ̀, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n USB 2.0 ni. Bí wáyà bá dára, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí a bá rọra ń tì í, USB 2.0 ni káàdì máa ń kọ́kọ́ rí.

Fáìlì ńlá kan ṣoṣo, bíi 5 GB, ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe fọ́tò ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ má ka iye tí ẹ bá rí ní ìbẹ̀rẹ̀ sí, torí RAM ló ń gbà á. Bó bá dúró sórí 70 tàbí 80 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè jẹ́ hard disk inú láptọ́ọ̀pù ló ń fà á sẹ́yìn, kò sí káàdì tó lè wo ìyẹn sàn.

Bí external bá ń pòórá lẹ́yìn tí láptọ́ọ̀pù bá sùn, ẹ lọ sí Power Options, PCI Express, kí ẹ sọ Link State Power Management di Off. Ẹ má sì gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì pẹ̀lú káàdì tó yọrí síta. Ẹni tó bá fẹ́ fi Windows tuntun sí láptọ́ọ̀pù, ojú USB 2.0 ni kó ki fláàṣì bọ, torí BIOS àwọn láptọ́ọ̀pù yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ara káàdì.