Bí a ṣe ń fi géèjì ìgbóná ọ́ìlì sára alùpùpù

Iṣẹ́ ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì kò mọ sí kí irin máa yọ̀ lórí irin. Lára alùpùpù tí afẹ́fẹ́ ń tù, tí kò lo omi, ọ́ìlì náà ló ń gbé ooru kúrò lábẹ́ písítìnnì. Bó bá gbóná jù, yóò ṣàn bí omi, kò sì ní lè la irin méjì níjà mọ́. Bí kò bá sì gbóná tó, omi àti pẹtiróòlù tó dàpọ̀ mọ́ ọn kò ní ráyè fò lọ. Géèjì ló ń jẹ́ kí a mọ èwo là ń bá yí. Ṣùgbọ́n ibi tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń mọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó, jókòó sí ló ń pinnu bóyá òótọ́ ló ń sọ, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ yóò wà

Ojú bóòtù tí a ń tú láti fa ọ́ìlì dànù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í sí. Ó rọrùn, kò gba kí a lu ara ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì sì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lábẹ́ alùpùpù, nítorí náà nọ́ńbà tó máa hàn yóò dín díẹ̀ sí bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó lókè. Ó tún lè gbá òkúta. Bí orí sẹ́ńsọ̀ bá máa yọ sísàlẹ̀ ju férémù lọ, ẹ má fi síbẹ̀ àfi bí alùpùpù náà bá ní irin ààbò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí òkúta bá ṣẹ́ ẹ lójú ọ̀nà, gbogbo ọ́ìlì ló máa dà sílẹ̀ kí ẹni tó ń wà á tó mọ̀.

Ibi tó dára jù ni ojú ọ̀nà tí páǹpù ń ti ọ́ìlì gbà lọ sókè. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní bóòtù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó dí ojú ọ̀nà yìí. Níbẹ̀, ọ́ìlì ń sáré kọjá lára sẹ́ńsọ̀, ohun tí géèjì bá sì sọ ni ohun tó ń lọ bá béárìn. Bí tiyín bá ní in, ibẹ̀ ni kí ẹ yàn. Kí ẹ kàn rántí pé agbára páǹpù wà lẹ́yìn rẹ̀: bó bá jò, títú ni yóò máa tú jáde, kò ní kán tótó.

Irú kan tún wà tó wà lórí ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì, tí kò lo wáyà rárá. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá dúró, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà nígbà tí ẹ bá wà lórí eré.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó tú ohunkóhun

Bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń gbóná sí i ni ìdènà tó wà nínú rẹ̀ fún iná ń dín kù. Géèjì ń ka ìdènà yìí, ó sì ń sọ ọ́ di dígírì. Sẹ́ńsọ̀ kò dọ́gba: èyí tí wọ́n ṣe fún géèjì kan lè mú òmíràn fi 20°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà. Nítorí náà, ẹ ra méjèèjì pọ̀ bí wọ́n ṣe bá ara wọn wá.

Ẹ so géèjì mọ́ bátìrì 12V, kí fíúùsì wà láàárín. Bí sẹ́ńsọ̀ bá jẹ́ oníwáyà kan, tí iná ń gba ara irin rẹ̀ padà, ẹ fi wáyà mìíràn di ara irin rẹ̀ mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Ẹ gbé omi kaná. Nígbà tó bá ń hó kùṣùkùṣù, ẹ fi wáyà so sẹ́ńsọ̀ kọ́ kí ẹnu rẹ̀ wọnú omi, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, nítorí ìsàlẹ̀ gbóná ju omi lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi dé ibi tí wáyà ti wọ̀ ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó yẹ kí géèjì wà ní nǹkan bí 100°C. Bó bá wà ní 97 tàbí 103, kò burú. Bó bá ń sọ 80, ẹ dá a padà.

Tírẹ́ẹ̀dì àti gígùn

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè rọ̀, ẹ pa á, kí ẹ sì fa ọ́ìlì sínú agbada. Ẹ wọn bóòtù tí ẹ tú. M12 × 1.5 àti M14 × 1.5 wọ́pọ̀: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, èkejì ni àyè láti eyín tírẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. M12 × 1.25 àti M12 × 1.5 jọra lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi spánnà fi ọ̀kan tipá wọ ihò èkejì, ara ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ àlùmíníọ́mù ló máa jẹ.

Àwọn kan máa ń lu ihò sí àárín bóòtù àtijọ́ kí sẹ́ńsọ̀ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀: tírẹ́ẹ̀dì 1/8 NPT, irú tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu tí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ní, fẹ̀ ju mílímítà 10 lọ, bẹ́ẹ̀ bí a bá yọ eyín bóòtù M12 kúrò, nǹkan bí mílímítà 10 ló kù. Kò sí irin tó ṣẹ́kù tí yóò di ara rẹ̀ mú. Bóòtù tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni kí ẹ rà, èyí tí tírẹ́ẹ̀dì sẹ́ńsọ̀ wà nínú orí rẹ̀ tó tóbi.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti wáyà líle tó mọ́ wọnú ihò náà jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan nǹkan. Ẹ fi èékánná di ibi tó dé mú, fà á jáde, kí ẹ fi wé gígùn ẹnu sẹ́ńsọ̀. Ó yẹ kí mílímítà 5, ó kéré tán, wà láàárín. Sẹ́ńsọ̀ tó gùn jù yóò gún asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà dé páǹpù. Èyí tó kúrú jù yóò fara pamọ́ sínú bóòtù, ìgbóná irin ni yóò sì máa kà dípò ti ọ́ìlì.

Wọ́ṣà tuntun ni kí ẹ lò, ti kọ́pà tàbí àlùmíníọ́mù. Ẹ fi ọwọ́ yí bóòtù náà wọlé ní yíyí mẹ́ta, ó kéré tán, kí spánnà tó kàn án. Ìwé alùpùpù yín ló ń sọ bó ṣe yẹ kó le tó. Bóòtù M12 sábà máa ń wà láàárín 20 sí 30 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù). Sẹ́ńsọ̀ NPT kò gbà ju 10 sí 15 Nm lọ. Tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń fẹ̀ bó ṣe ń wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló ń dí ihò, nítorí náà kò pọn dandan kí orí rẹ̀ jókòó. Ẹni tó bá ń fún un títí tí yóò fi jókòó yóò la irin náà. Téèpù funfun àwọn púlọ́mbà kò dára fún sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan, nítorí ojú tírẹ́ẹ̀dì yẹn ni iná ń gbà padà.

Wáyà

Iná géèjì gbọ́dọ̀ wá láti ara wáyà tó ń ní iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn nìkan, kó má baà fa bátìrì tán mọ́jú. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìṣiná ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi mítà wọn wáyà tí ẹ fẹ́ lò ní DC, irú iná tí bátìrì ń mú wá: ó yẹ kí ó sún mọ́ 12V. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí lára àwọn alùpùpù kékeré kan, AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ti ẹ́ńjìnnì wá ló ń tan iná iwájú, wáyà yẹn sì lè ba géèjì jẹ́. Fíúùsì ámíìpù 1 tàbí 2 ni kí ẹ fi síbi tí ẹ ti mú iná.

Wáyà áàtì, èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ló ń fa wàhálà jù. Ẹ má so ó mọ́ hándù, nítorí rọ́bà lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ há ọ̀dà kúrò lára férémù títí irin yóò fi dán, kí ẹ de wáyà náà mọ́ ọn pinpin. Bí ọwọ́ géèjì bá ń fò nígbà tí ẹ bá tẹ fèrè tàbí tí tráfíkétà bá ń ṣẹ́jú, áàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ gbé wáyà sẹ́ńsọ̀ jìnnà sí sàlẹ́ńsà àti wáyà púlọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ kó ká díẹ̀ kó tó wọ sẹ́ńsọ̀, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì má baà já a. Ẹ yí hándù dé òpin lápá ọ̀tún àti òsì kí ẹ tó ge àjẹkù okùn tí ẹ fi dè é.

Nígbà tí ẹ bá ṣiná

Ẹ da ọ́ìlì padà dé ìwọ̀n, ẹ ṣiná, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbóná ọ́ìlì kì í sáré: ó lè gba ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí eré kó tó dúró lójú kan. Géèjì tó bá dé 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, irọ́ ló ń pa. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ òkè látìgbà tí ẹ ti tan kọ́kọ́rọ́, wáyà sẹ́ńsọ̀ ti bó síbì kan, ó sì ń kan irin. Bí kò bá kúrò nísàlẹ̀, ẹ yọ wáyà náà lórí sẹ́ńsọ̀ kí ẹ fi kan ara ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá kan: bí ọwọ́ géèjì bá gòkè, sẹ́ńsọ̀ tàbí áàtì rẹ̀ ló bàjẹ́, bí kò bá gòkè, ẹ máa wá ibi tí wáyà ti já, tàbí kí ẹ wo iná géèjì fúnra rẹ̀.

Láàárín 80 sí 110°C ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ń wà, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù sì lè dé 120 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bó bá ń kọjá 130, ẹ dín eré àti ẹrù kù. Bó bá ń sún mọ́ 140, ẹ dúró, ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi lé e, irin gbígbóná lè là. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ nọ́ńbà tó ń hàn ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti nígbà tí ẹ bá gun òkè sílẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá lọ sókè ní 15°C lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà kan náà, ìwọ̀n ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.