Ẹ má sáré da omi gbígbóná sára

Ẹ̀yin tá a jọ ń gun Olúmọ ní àárọ̀ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá délé ẹ má tíì da omi gbígbóná sára o. Eré tá a ṣe yẹn ti mú ara gbóná, iṣan ẹ̀jẹ̀ ti fẹ̀, ọkàn ń sáré, omi gbígbóná á tún wá fẹ iṣan yẹn sí i, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, téèyàn bá dìde lójijì òòyì á kọ́ ọ. Ó ṣe mí rí ní bálùwẹ̀, ilẹ̀kùn ni mo dì mú gírígírí. Ẹ jókòó ná, ẹ mu omi, kí òógùn gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀yin aláboyún wa, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó yín.